Bí Ọpọlọ Ṣe Ń Fi Ẹ̀kọ́ Pamọ́, àti Bí A Ṣe Lè Kọ́ Nǹkan Kó Má Sá Lọ

Ẹ ti ka orí ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ yé yín yékéyéké, ẹ sì ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ṣe kókó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ wá ìdáhùn títí, ẹ ò rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nírú àsìkò yìí ni pé, "Orí mi ò gba ìwé." Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí kì í sábà jẹ́ orí ló jẹ̀bi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ni kò bá bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi ń ka ìwé ní àkàtúnkà kí ojú mi tó là sí i.

Màá kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbárí nígbà tí a bá kọ́ nǹkan, lẹ́yìn náà màá to ohun tí ẹ ó ṣe ní ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo apá àkọ́kọ́. Àwọn ìgbésẹ̀ kan máa nira, ẹni tó bá sì mọ ìdí tí wọ́n fi nira kò ní pa wọ́n tì lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ń yí padà nínú agbárí

Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo ju nǹkan bíi kílógíráàmù 1.4 lọ. Nígbà tí Suzana Herculano-Houzel, onímọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Brazil, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú rẹ̀, wọ́n rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Síbẹ̀, ìrántí kan kì í dá gbé inú sẹ́ẹ̀lì kan. Ibi tí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti òmíràn ni iṣẹ́ wà. Àlàfo tín-ín-rín kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Synapse ni àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀. Oríta ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín, torí ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń kúrò lójú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríta bẹ́ẹ̀.

Ní 1949, Donald Hebb, ọmọ Kánádà, dábàá pé tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń ran èkejì lọ́wọ́ láti ta jí léraléra, ìsopọ̀ àwọn méjèèjì á máa lágbára sí i. Àbá lásán ni nígbà náà. Ní 1973 ni Tim Bliss àti Terje Lømo gbé ẹ̀rí jáde láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ehoro ní ìlú Oslo: wọ́n fi iná mànàmáná ta ọ̀nà kan nínú ọpọlọ lemọ́lemọ́ fún ìgbà díẹ̀, oríta tó wà ní òpin ọ̀nà náà sì ń dáhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú igbó ni mo máa ń fi wé e. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń mọ́ kedere, ibi tí ẹsẹ̀ ò bá sì tẹ̀ mọ́, koríko á bò ó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ọpọlọ ṣe ń là tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí a dúró wò ó dáadáa.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń fọhùn máa ń tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ glutamate sínú àlàfo oríta. Ní òdìkejì, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́. Oríṣi kan nínú wọn ń jẹ́ NMDA, ohun kan tó ń jẹ́ magnesium ló sì dí i lẹ́nu. Kí ilẹ̀kùn yìí tó lè ṣí, kọ́kọ́rọ́ méjì gbọ́dọ̀ pàdé: kí glutamate dé, kí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ náà sì ti wà lójú iṣẹ́ lákòókò kan náà. Bí ọ̀kan bá wá tí èkejì kò wá, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Tí méjèèjì bá pàdé, kálísíọ́mù á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àfikún ilẹ̀kùn oríṣi mìíràn, AMPA, sí ojú oríta. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ti tó láti ta èkejì jí. Ohun tí à ń pè ní kíkọ́ nǹkan nìyẹn: ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ ti di mímọ ara wọn.

Àtúnṣe yìí kì í pẹ́ bí kò bá sí ohun tó kín in lẹ́yìn. Eric Kandel fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lára ìgbín òkun kan tó ń jẹ́ Aplysia, ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì iṣan ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ohun tí ó rí ni pé bí wọ́n bá kọ́ ìgbín náà lẹ́ẹ̀kan, oríta tó ti wà tẹ́lẹ̀ kàn ń lágbára fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sinmi, tí wọ́n tún kọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì tuntun, oríta tuntun pàápàá á sì hù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín sí ọjọ́ mélòó kan pẹ́ lára rẹ̀ ju èyí tí wọ́n kó pọ̀ sójú kan lọ. Bí ìgbín tí kò mọ ìwé bá ń jàǹfààní ìsinmi láàárín ẹ̀kọ́, ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ẹran ara kí ilé ìwé tó dé.

Ó ku ibi tí ìrántí ń gbà wọlé. Ní 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ọmọ ọdún 27 ní Amẹ́ríkà, nítorí wárápá. Dókítà gé apá kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí kan apá ńlá nínú ibi tí à ń pè ní hippocampus. Wárápá náà dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú ní 2008, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lónìí kì í dúró di ọ̀la. Ó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ẹni náà bá sì jáde tó padà wọlé, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tó ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ṣì wà níbẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó yẹ̀ ẹ́ wò, ti fi yé ayé pé hippocampus ló ń gba ìrántí tuntun wọlé, ṣùgbọ́n pé ibòmíràn, lára èèpo òde ọpọlọ, ni ìrántí àtijọ́ ń bá gbé níkẹyìn. Àkókò ni ìṣíkúrò yẹn ń gbà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sí ohun tí ẹ ó ṣe. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn ìrìn-àjò ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn. Ẹ lè fi ohunkóhun tí ẹ ń kọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ohun kékeré, kí ẹ sì fún un ní gbogbo ara

Iye ohun tuntun tí a lè dì mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà kéré gan-an. Nelson Cowan yẹ ìwádìí púpọ̀ wò ní 2001, ó sì fi í sí nǹkan bíi mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ má ṣí ojú ìwé mẹ́wàá sílẹ̀. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin: òkè ọ̀tún, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ òsì. Ìyẹn ti tó fún ìjókòó àkọ́kọ́.

Kí ẹ sì gbé fóònù kúrò nínú yàrá náà pátápátá. Ẹ rántí ilẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ méjì: sẹ́ẹ̀lì tí kò sí lójú iṣẹ́ kò ní ṣílẹ̀kùn fún ohun tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti mọ̀

Ohun tuntun tí kò ní ibi tó dì mọ́ máa ń yọ́ lọ ni. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti so ó ni ìbéèrè "kí ló dé?" Ẹ kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ara bọ̀ máa ń wọ yàrá òkè ọ̀tún, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró láti gba atẹ́gùn, ó padà sí òkè òsì, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ òsì, ó sì jáde lọ sí gbogbo ara. Wọ́n tún sọ fún yín pé ògiri yàrá ìsàlẹ̀ òsì ló nípọn jù. Kí ló dé? Nítorí pé ti ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró nítòsí ni, ti òsì sì ní láti tì í dé orí àti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí yẹn kò ní há a sórí mọ́. Bó bá tilẹ̀ gbàgbé èyí tó nípọn, á ronú dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ fà á jáde láti inú ara yín

Tí ó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo èyí, òun nìyí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ka apá kékeré kan, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ mú bébà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí síbẹ̀. Ẹ ya ọkàn náà, ẹ fi ọfà tọ́ka ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Níbi tí iyè bá ti rá, ẹ má yára ṣí ìwé. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kódà kó jẹ́ pé ó wà lẹ́nu yín tí kò fẹ́ jáde. Ìjàkadì yẹn gan-an ni iṣẹ́. Òun ni ẹsẹ̀ tó ń tẹ ọ̀nà.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kan kà á nígbà mẹ́rin. Ẹgbẹ́ mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà wọ́n pa á tì, wọ́n sì gbìyànjú nígbà mẹ́ta láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kàn ń kà ló borí: wọ́n rántí nǹkan bí 83 nínú 100, àwọn yòókù sì rántí 71. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó kà á nígbà mẹ́rin rántí nǹkan bí 40, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fà á jáde rántí nǹkan bí 61. Àwọn tó ń kà á léraléra ló sì gbà lọ́kàn wọn pé àwọn á rántí jù.

Mo fẹ́ kí ẹ ro gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Kíka nǹkan ní àkàtúnkà máa ń mú kí ojú wa mọ ọ̀rọ̀, a ó wá rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ká rí ènìyàn lọ́nà ká mọ̀ ọ́n lójú yàtọ̀ sí ká lè pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí kò sí nítòsí. Ìdánwò, iṣẹ́ àti ìgbé ayé kì í béèrè ìmọ̀jú, ohun tí a lè pè jáde ni wọ́n ń béèrè. Nítorí náà, bí ara bá ń tù yín nígbà tí ẹ ń kàwé, tí gbogbo rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fura. Bí ó bá sì ń ni yín lára nígbà tí ẹ ń fa ọ̀rọ̀ jáde lórí bébà, ẹ má bọkàn jẹ́, ẹ wà lójú ọ̀nà.

Ẹni tí kò fẹ́ràn àti máa kọ̀wé lè ṣàlàyé rẹ̀ sókè ketekete fún ẹlòmíràn, tàbí fún ògiri. Ibi tí àlàyé bá ti há ni ibi tí ẹ ò tíì mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún àṣìṣe ṣe lójú ẹsẹ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa gbogbo ohun tí ẹ lè fà jáde tán, ẹ ṣí ìwé nísinsìnyí, kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn kọ ohun tí ẹ ṣì àti ohun tí ẹ gbàgbé. Má-fi-í-falẹ̀ ni o. Ní 2000, Karim Nader àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára eku pé ìrántí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè jáde máa ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ dì kó tó padà sí ààyè. Tí wọ́n bá dí ṣíṣe purotéènì lọ́wọ́ ní àkókò yẹn, ìrántí tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá á bàjẹ́. Eku ni wọ́n fi ṣe é, ìrántí ìbẹ̀rù sì ni, nítorí náà n kò ní na ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tó dé. Ohun tí a mọ̀ dájú lára ènìyàn ni pé àṣìṣe tí a kò bá tún ṣe, tí a wá ń pè jáde léraléra, máa ń di ọ̀nà tó là bíi ti òótọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́ sá lọ díẹ̀ kí ẹ tó padà sí i

Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìwé tó gbé jáde ní 1885 fi hàn pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń lọ, lẹ́yìn náà ìgbàgbé á wá máa rọra. Òun náà ló sì kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ tí a pín sí ọjọ́ mélòó kan dúró ju èyí tí a kó pọ̀ sí ọjọ́ kan lọ.

Báwo ni kí àlàfo náà ṣe gùn tó? Ó wà lọ́wọ́ ìgbà tí ẹ fẹ́ lo ìmọ̀ náà. Nicholas Cepeda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní 2008 lára ènìyàn tó lé ní 1,350. Fún ìdánwò tí yóò wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àlàfo ọjọ́ kan ló dára jù láàárín ẹ̀kọ́ kìíní àti ìkejì. Fún èyí tí yóò wáyé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, àlàfo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dára jù. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó ni kí ẹ ṣe jìnnà síra tó.

Èyí tí mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ẹ fà á jáde lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ ọ, ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, bébà òfìfo ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ìwé ló gbẹ̀yìn. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Tí ohun tí ẹ ń kọ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké púpọ̀, bí èdè àjèjì, ẹ lo káàdì àti àpótí márùn-ún bí Sebastian Leitner ṣe gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ìbéèrè wà lójú káàdì, ìdáhùn wà lẹ́yìn. Gbogbo káàdì ń bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí kìíní, tí ẹ ń wò lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá gbà á bọ́ sí àpótí tó kàn, tí ẹ ń wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá kùnà á padà sí àpótí kìíní, bó ti wù kó ti jìnnà tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pò ó pọ̀

Tí ẹ bá ń kọ́ ìṣirò, ẹ má ṣe ogún ìbéèrè oríṣi kan náà tẹ̀ léra. Láti orí ìkẹta, ọwọ́ ló kàn ń lọ, ọpọlọ ti sinmi. Ẹ da oríṣi mẹ́ta pọ̀, kí ẹ lè máa kọ́kọ́ bi ara yín pé, "Èwo nìyí?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sùn

Ní 1994, Matthew Wilson àti Bruce McNaughton gbé ohun kan jáde tí n kì í yé ronú nípa rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn sẹ́ẹ̀lì inú hippocampus eku bó ṣe ń rìn kiri ní ibi kan. Nígbà tí eku náà sùn lẹ́yìn ìrìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ ta jí nígbà ìrìn náà tún jọ ń ta jí nínú oorun. Ọpọlọ ń tún ọjọ́ náà rìn. Láàárín irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni hippocampus ń bá èèpo òde ọpọlọ sọ̀rọ̀, tí ìrántí sì ń rí ibi gbé fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń kàwé mọ́jú ń gé ìdajì iṣẹ́ ara rẹ̀ sọnù. Ẹ fi ìfàjáde ìkẹyìn sí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá sùn. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán.

Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́

Molaison tún kọ́ wa ní ohun kan. Milner ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ àárín ìlà méjì tó ya ìràwọ̀ kan, ṣùgbọ́n inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn gan-an, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ò ṣe é rí. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí orí ń gbà mọ ọ̀rọ̀. Ẹ ò lè ka ìwé kí ẹ fi mọ ìlù lílù. Ṣíṣe rẹ̀ ni, ní díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Bí a bá sì dáwọ́ dúró, ó hàn: ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè tí a sì ń hán wọn láì jẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Apá tó ń rí ìrìn nǹkan fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọn ò ṣe é mọ́, ó ti ń sún kì.

Tí ẹ bá ti pa á tì tipẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti padà sí ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ebbinghaus wọn èyí náà. Ọjọ́ 31 lẹ́yìn tó há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, tó sì dà bíi pé kò kù níbẹ̀ mọ́, nígbà tó tún un kọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àkókò tó gbà á níṣàájú ni kò ná mọ́. Koríko ti bo ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ki. Ẹ mú bébà òfìfo lálẹ́ òní, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá ṣì kù síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlà méjì péré, kí ẹ tó ṣí ìwé.